Òjò ń gba ojú fèrèsé wọlé? Ẹ wo ihò kékeré tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ kẹ́ ẹ tó ra sílíkóònù

Àkọ́rọ̀ òjò ti bẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ tí àwọn olùgbọ́ wa ń pè lé lórí sì ti yí padà. Nígbà ọyẹ́, eruku àti ikọ́ ni. Ní báyìí, omi ni. "Òjò kékeré ló rọ̀ lálẹ́ àná, òrùlé wa ò jò, síbẹ̀ omi kún pálọ̀." Tẹ́ ẹ bá bi ẹni tó pè pé irú fèrèsé wo ló wà nínú pálọ̀ náà, lọ́pọ̀ ìgbà, á ní sìláídì ni, ìyẹn alumíníọ́mù onígíláàsì tó ń fà lọ fà bọ̀, tàbí ilẹ̀kùn ńlá irú ẹ̀ tó ṣí sí fàráńdà.

Mo mọ ìbéèrè yìí dáadáa, torí ó ti ṣẹlẹ̀ nílé tiwa. Ìyá mi ń gbé ilé kan n'Ìbàdàn tí a yí fèrèsé rẹ̀ padà láti lúfà sí sìláídì. Ọdún kẹta lẹ́yìn ìyẹn ni omi bẹ̀rẹ̀ sí í wọ yàrá. A pe ẹnì kan, ó wò ó, ó ní ẹnu férémù ti là. Ó fi sílíkóònù yí gbogbo ìta rẹ̀ po, òkè, ẹ̀gbẹ́ àti ìsàlẹ̀. A sanwó, ó lọ. Òjò tó tẹ̀ lé e wá burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Omi gba abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó dé ibi tí wáyà ẹ́kísítẹ́ńṣọ̀n tí fáànù ń lò wà nílẹ̀. Màmá sọ̀ kalẹ̀ lóru, wọ́n sì fẹsẹ̀ lásán tẹ omi náà. Ọpẹ́lọpẹ́ pé kò síná lóru ọjọ́ yẹn. Ìgbà kan ṣoṣo tí mo tíì dúpẹ́ pé wọ́n mú iná lọ nìyẹn.

Àgbà oníṣẹ́ alumíníọ́mù kan la pè lẹ́yìn náà. Bàbá ò mú irinṣẹ́ kankan jáde. Wọ́n ní ká fún àwọn ní ọ̀bẹ àti ẹyọ ìgbálẹ̀ kan. Wọ́n fi ọ̀bẹ ha sílíkóònù kúrò nísàlẹ̀ férémù níta, wọ́n fi ẹyọ ìgbálẹ̀ gún ihò kan tí kò ju orí ìka kékeré lọ, ni omi dúdú, ẹrẹ̀ àti ìyẹ́ kòkòrò bá bẹ̀rẹ̀ sí í tú jáde. Bàbá wojú wa, wọ́n ní, "Ta ló ní kẹ́ ẹ dí i nímú?"

Imú fèrèsé yẹn ni ọ̀rọ̀ wa lónìí. Bóyá alumíníọ́mù ni fèrèsé yín o, bóyá igi ni, bóyá igi tí wọ́n fi páànù bò ni, omi tó wọ ibi kan tí kò rí ọ̀nà jáde ló ń bà á jẹ́ ju ọjọ́ orí lọ.

Kòtò tó wà lábẹ́ gíláàsì

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé iṣẹ́ fèrèsé sìláídì ni kí omi má kan inú rẹ̀ rárá. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tó bá ń fà lọ fà bọ̀ ò lè dí pátápátá, àyè gbọ́dọ̀ wà kó tó lè rìn. Àwọn tó ṣe é mọ èyí, wọ́n sì gbà pé omi máa wọ inú kòtò tó wà nísàlẹ̀, ìyẹn ojú irin tí gíláàsì ń sáré lé. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n lu ihò sára kòtò náà níhà ìta kí omi lè máa ṣàn padà, wọ́n sì jẹ́ kí etí rẹ̀ tó kọjú sínú ilé ga ju etí tó kọjú síta lọ.

Tí òjò bá ń fi ìjì rọ̀, afẹ́fẹ́ á máa ti omi, omi á ga díẹ̀ nínú kòtò. Tí afẹ́fẹ́ bá rọlẹ̀, á ṣàn jáde. Ṣùgbọ́n tí ihò bá ti dí, kòtò á kún bí agbada, ibi tó sì kàn ni pálọ̀ yín. Ìdí nìyẹn tí òjò kékeré fi lè kún ilé ẹnì kan tí òjò ńlá ò sì rí nǹkan kan ṣe fún aládùúgbò rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé oníṣẹ́ kan náà ló ṣe fèrèsé fún àwọn méjèèjì.

Ẹ lè dán tiyín wò láàárọ̀ yìí. Ẹ bu omi ife kan, ẹ rọra dà á sínú kòtò náà, kí ẹlòmíì dúró síta kó máa wò. Ó yẹ kí omi bẹ̀rẹ̀ sí í jáde kẹ́ ẹ tó kà dé ogún. Tó bá kàn dúró síbẹ̀ tó ń wò yín, ihò ti dí nìyẹn, tàbí kó jẹ́ pé wọn ò lu ihò rárá. Bẹ́ẹ̀ ni o, àwọn oníṣẹ́ kan máa ń gbàgbé. Fún ẹni tó ń kọ́lé lọ́wọ́, ẹ da ife omi yìí kẹ́ ẹ tó san owó tó kù fún oníṣẹ́. Ṣáájú kó tó gba owó rẹ̀ tán, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni láti lu ihò. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ lè pè é títí tí fóònù yín á fi kú.

Ohun tó ń dí ihò náà ò ju yanrìn, ìgbẹ́ alángbá àti ọmọńlé, ìyẹ́ èsúnsún tó ń fò yí iná ká lẹ́yìn òjò, àti ilé amọ̀ tí àwọn kòkòrò kan máa ń mọ síbẹ̀. Nígbà míì, péńtì ni, torí apẹ́ńtì ò mọ ohun tí ihò náà wà fún. Ẹyọ ìgbálẹ̀ tó, búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àlòkù á sì gbá ẹ̀gbin inú kòtò jọ. Ẹ má fi ìṣó gún un o, ìṣó á ha péńtì ara alumíníọ́mù dànù.

Sílíkóònù ní àyè tirẹ̀. Àárín férémù àti ògiri ni, lókè àti lẹ́gbẹ̀ẹ́, níbi tí símẹ́ǹtì ti sábà máa ń là. Nísàlẹ̀, ẹ lè fi sí abẹ́ férémù, ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ bo ihò. Ẹ tún wo ojú símẹ́ǹtì tó wà lábẹ́ fèrèsé níta. Ṣe ló yẹ kó dà gẹ̀rẹ́ síta. Tó bá dà sínú, kò sí sílíkóònù tó lè bá yín ṣe é, bíríkìlà lẹ máa pè.

Eruku ọyẹ́ kì í ṣe eruku lásán

Láti nǹkan bí oṣù Kejìlá sí oṣù Kejì, afẹ́fẹ́ ọyẹ́ ń gbé eruku wá láti Sàhárà, pàápàá láti àfonífojì Bodélé ní orílẹ̀-èdè Chad. Yanrìn lílọ̀ kúnná wà nínú ẹ̀. Lórí òṣùwọ̀n Mohs tí wọ́n fi ń mọ bí òkúta ṣe le tó, láti 1 dé 10, yanrìn funfun wà ní 7, gíláàsì fèrèsé sì wà láàárín 5 sí 6. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé yanrìn le ju gíláàsì lọ. Ẹni tó bá mú àkísà gbígbẹ tó ń nu gíláàsì láàárọ̀ ọjọ́ ọyẹ́, ṣe ló ń fi sàǹdípépà nù ún. Ilà tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tí ẹ máa ń rí lára gíláàsì tí oòrùn bá tàn sí i, tí kò lọ bó ti wù kẹ́ ẹ fọ̀ ọ́ tó, ibẹ̀ ló ti wá.

Bí ó ṣe yẹ kó rí nìyí. Ẹ kọ́kọ́ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbọn eruku kúrò láti òkè wá sísàlẹ̀, títí kan kòtò. Ẹ wá da omi lásán lé e kí èyí tó kù lè ṣàn lọ. Lẹ́yìn èyí, omi tẹ́ ẹ kán ọṣẹ ìfọwo díẹ̀ sí àti fóòmù tàbí aṣọ rírọ̀. Ẹ fi omi mímọ́ ṣan án, ẹ fi aṣọ tó mọ́ nù ún gbẹ. Àárọ̀ tàbí ìrọ̀lẹ́ ló dára, torí tí oòrùn bá mú, ọṣẹ á gbẹ mọ́ ọn lára kẹ́ ẹ tó ṣan án. Àwọn àgbà máa ń fi ìwé ìròyìn nu gíláàsì, ó sì ń dán lóòótọ́, àmọ́ ẹ ṣọ́ra pẹ̀lú férémù funfun, táwádà ìwé máa ń mọ́ ọn lára.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbé kànrìnkàn onírin tì fún ìkòkò. Bílíìṣì àti ásíìdì tí wọ́n fi ń fọ táìsì, ẹ má jẹ́ kó kan alumíníọ́mù. Alumíníọ́mù kì í dípẹtà bí irin. Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ló máa ń hù sára fúnra rẹ̀ tó ń dáàbò bò ó. Ásíìdì a máa jẹ awọ yẹn, símẹ́ǹtì tútù pàápàá a máa jẹ ẹ́. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi máa ń rí férémù tuntun tó ní àmì funfun ràkọ̀ràkọ̀ lára, tí onílé á ní ayédèrú ni wọ́n tà fún òun. Kì í ṣe ayédèrú nígbà gbogbo. Bíríkìlà ló rẹ́ ògiri lẹ́yìn tí wọ́n ti de fèrèsé tán, tí símẹ́ǹtì ta sí i lára, tí ẹnikẹ́ni ò nù ún kó tó gbẹ. Ẹ fi ọ̀rá bo férémù nígbà tí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ bá ń lọ, èyí tó bá sì ta sí i, ẹ fi omi ṣan án lójú ẹsẹ̀.

Ìdí tí sìláídì fi ń le fà, ẹ̀gbin ni lọ́pọ̀ ìgbà. Ohun tí àwọn èèyàn sì máa ń ṣe ni pé wọ́n á bu ọ́ìlì mọ́tò tàbí gírísì sínú kòtò. Á rọrùn fún ọ̀sẹ̀ kan. Lẹ́yìn ìyẹn, ọ́ìlì àti eruku á di ẹrẹ̀ dúdú tó lẹ̀ mọ́ róla, ó tún dí ihò tí a sọ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ fọ kòtò náà mọ́, kó gbẹ, kẹ́ ẹ wá mú àbẹ́là, ẹ fi ha ojú irin náà lọ bọ̀. Ìyẹn ti tó. Kẹrosíìnì náà kọ́, torí ó máa ń mú rọ́bà tó di gíláàsì mú wú, rọ́bà á sì tú. Tó bá jẹ́ ilẹ̀kùn ńlá ti fàráńdà ni, tí róla rẹ̀ ti jẹ, ẹ má dá a gbé kúrò lójú irin. Ó wúwo ju bó ṣe rí lójú lọ, èèyàn méjì ló ń gbé e, kí ọmọdé má sì sí nítòsí.

Ẹ̀yin ará Èkó tí ilé yín sún mọ́ òkun, iyọ̀ inú afẹ́fẹ́ tún ni wàhálà tiyín. Ẹ máa fi omi lásán ṣan férémù ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kódà tí kò bá dọ̀tí lójú. Ẹ wo orí síkúrù. Tí àwọ̀ pupa bá ti yí i ká, irin lásán ni wọ́n lò. Irin lásán àti alumíníọ́mù ò sì lè gbé pọ̀ pẹ́ níbi tí omi iyọ̀ bá wà, ọ̀kan á máa jẹ èkejì. Ẹ ní kí wọ́n fi síkúrù tí kì í dípẹtà pààrọ̀ rẹ̀.

Fèrèsé onígi àti ẹnu tí wọn kì í kùn

Àwọn ilé àtijọ́ tí àwọn Àgùdà tó ti Brazil padà dé kọ́ sí Pópó Àgùdà l'Ékòó ní ọ̀rúndún 19, fèrèsé onígi ló wà lára wọn, ẹ sì lè rí èyí tó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tó ṣì ń ṣí tó ń pa dé. Igi kì í jẹrà nítorí pé ó gbó. Olú wẹ́wẹ́ kan ló ń jẹ ẹ́, irú èyí tí ojú ò lè rí, kì í sì í lè gbé inú igi àyàfi tí omi inú igi bá ti kọjá nǹkan bí ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún ìwúwo rẹ̀. Igi tó bá ń tutù tó sì ń rí àyè gbẹ á pẹ́. Èyí tó ń tutù tí kò ráyè gbẹ ló ń lọ.

Ibi tí omi ń gbà wọ igi jù ni ẹnu rẹ̀ tí wọ́n gé, ìyẹn orí àti ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn. Igi dà bí ìdì pàǹpá. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ mu omi, ẹnu rẹ̀ ló ń fà á sókè. Ẹ wá wo ilẹ̀kùn onígi tó wà nílé yín. Iwájú rẹ̀ á ti rí péńtì lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ẹ̀yìn rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ò rí ẹyọ kan, torí pé wọ́n ti gbé e kọ́ kí apẹ́ńtì tó dé. Ẹ jẹ́ kí káfíńtà yọ ọ́ lára híńjì lẹ́ẹ̀kan, ẹ kun ìsàlẹ̀ àti orí rẹ̀ dáadáa. Iṣẹ́ wákàtí díẹ̀ ni, ó sì ń fi ọ̀pọ̀ ọdún kún ọjọ́ orí rẹ̀.

Àṣìṣe míì wà tó ń dùn mí tí mo bá rí i. Oṣù Keje, òjò ti rọ̀ rọ̀ rọ̀, ilẹ̀kùn wú, kò pa dé mọ́. Wọ́n pe káfíńtà, ó fi ìfági fá a títí ó fi pa dé. Gbogbo èèyàn dúpẹ́. Nígbà tí ọyẹ́ dé, igi gbẹ, ó sún kì, àlàfo tí alángbá lè gbà kọjá wá ṣí sílẹ̀, ẹ̀fọn àti eruku ń wọlé. Igi máa ń wú ní ìbú, kò fi bẹ́ẹ̀ wú ní gígùn, tó bá gbẹ á sì padà sí bó ṣe wà. Tó bá ṣeé fara dà, ẹ ní sùúrù dìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Tí kò bá ṣeé fara dà, kó fá díẹ̀ péré, kẹ́ ẹ sì kun ibi tó fá kó tó kúrò níbẹ̀, torí ibi tí wọ́n fá yẹn ni omi máa gbà wọlé lọ́dún tó ń bọ̀.

Láti mọ̀ bóyá igi ti ń jẹrà lábẹ́ péńtì, ẹ fi ẹnu síkúrúdíráfà tẹ ìsàlẹ̀ férémù. Igi tó yè á kọ̀ ọ́. Èyí tó ti lọ á gbà á wọlé bíi iṣu jíjinná. Tẹ́ ẹ bá rí ojú ọ̀nà amọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ tó gùnkè lára ògiri wá sára férémù, ikán ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ péńtì mọ́. Ẹ ha ọ̀nà náà dànù, kẹ́ ẹ sì pe ẹni tó mọ̀ nípa oògùn ikán, torí ilé wọn wà nínú ilẹ̀. Igi náà ò dọ́gba. Ìrókò àti òpépé máa ń bá ikán jà dáadáa, àmọ́ arère àti àfàrà ò lè bá wọn jà. Tí káfíńtà bá ń dá iye tó kéré gan-an lé fèrèsé onígi, ẹ bi í pé igi wo ni.

Péńtì àtijọ́ náà gba ìṣọ́ra. Òjé wà nínú ọ̀pọ̀ péńtì tí wọ́n lò nígbà kan, eruku rẹ̀ ò sì dára fún ọpọlọ ọmọdé. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi sàǹdípépà ha fèrèsé ilé bàbá yín, ẹ fi omi rin ín kó má fọ́n ká, ẹ di imú, ẹ gbá gbogbo rẹ̀ sínú ọ̀rá, kí àwọn ọmọ wà níbòmíì lọ́jọ́ náà.

Pákó tí wọ́n fi páànù bò

Ní àwọn ìlú wa, ẹ ṣì máa rí fèrèsé onípákó tí wọ́n kan páànù mọ́ níta kí òjò má bà á jẹ́. Èrò náà dára. Ibi tó ti ń wọ́ ni ojú ìṣó. Òjò ń gba ihò ìṣó wọ ẹ̀yìn páànù, oòrùn ò lè dé ibẹ̀, afẹ́fẹ́ ò dé ibẹ̀. Lójú, páànù ń dán. Lẹ́yìn rẹ̀, pákó ti di bùrẹ́dì tí wọ́n rì bọ omi. Lọ́jọ́ kan, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lẹ máa fà á, híńjì á sì tẹ̀ lé yín lọ́wọ́.

Ẹ máa fi ẹ̀yìn ìka kàn án káàkiri láti inú, kẹ́ ẹ sì tẹ́tí. Ibi tí ohùn rẹ̀ bá yí padà tó dún bọ̀bọ̀, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò. Tí káfíńtà bá ń ṣe tuntun, kó kun pákó náà yíká kó tó bò ó. Kó jẹ́ kí páànù òkè gun orí ti ìsàlẹ̀ bíi ti òrùlé, kó má sì ká ìsàlẹ̀ rẹ̀ pa, kí omi tó bá wọ ẹ̀yìn lè kán jáde.

Ẹ̀yin olùgbọ́ wa tẹ́ ẹ ń kà wá láti Amẹ́ríkà, irú ẹ̀ kan náà ló wà lára ọ̀pọ̀ ilé yín níbẹ̀, igi nínú, alumíníọ́mù níta, pàápàá àwọn ilẹ̀kùn tó ṣí sí ẹ̀yìnkùlé. Ẹ má fi ẹ̀rọ tó ń fi agbára tú omi fọ̀ ọ́, torí ó máa ń ti omi gba ojú ìsopọ̀ lọ sẹ́yìn awọ náà. Ẹ jẹ́ kí ihò ìsàlẹ̀ rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Nígbà òtútù, ẹ máa nu omi tó ń sun sára gíláàsì nínú ilé, torí orí igi ló ń ṣàn sí.

Irin tó ń ṣọ́ wa

Ilẹ̀kùn onírin tí inú rẹ̀ ṣófo, èyí tí ọ̀pọ̀ ń kó wá láti China, ìsàlẹ̀ ló ti ń dípẹtà. Ẹ̀bi omi tí a fi ń fọ ilẹ̀ ni. Tí ẹ bá fọ ilẹ̀ fàráńdà, ẹ nu ẹsẹ̀ ilẹ̀kùn náà. Ibi tí péńtì bá ti hó, ẹ ha á títí irin á fi hàn, ẹ kùn ún ní réèdì ọ́ksáìdì, ẹ wá fi péńtì lé e. Ẹni tó bá fi péńtì lé ìpẹtà lórí, ìpẹtà ń báṣẹ́ lọ lábẹ́ rẹ̀.

Irin bọ́gílárì tó wà lójú fèrèsé náà ń dípẹtà níbi tó ti wọ ògiri, torí omi máa ń dúró síbẹ̀. Ìpẹtà fẹ̀ ju irin tó ti jáde lọ, ìdí nìyẹn tí ògiri fi máa ń là níbi ẹsẹ̀ bọ́gílárì. Ẹ ha á, ẹ kùn ún, ẹ dí ojú ògiri náà. Tí wẹ́dà bá máa fi iná jó o nílé, ẹ tú kọ́tìnnì, ẹ gbé àga onífóòmù kúrò, ẹ gbé omi sítòsí. Kẹ́ ẹ má tètè jáde lẹ́yìn tó bá lọ, torí iná kékeré lè máa jó lábẹ́ fóòmù fún wákàtí kan kó tó hàn.

Èyí wá gbé mi dé ohun tí mo ti fẹ́ sọ látòwúrọ̀. Nígbà tí mo ń ka ìròyìn iná ilé, ọ̀rọ̀ kan máa ń wà níbẹ̀ tí ohùn mi máa ń fẹ́ gé sí: pé bọ́gílárì ò jẹ́ kí wọ́n ríbi jáde. Ó kéré tán, fèrèsé kan nínú yàrá tí wọ́n ń sùn gbọ́dọ̀ ní bọ́gílárì tó ń ṣí láti inú, tó ní híńjì àti àgádágodo. Àgádágodo tí wọ́n ò ṣí láti ọdún méjì ti di ara irin. Ẹ máa kán ọ́ìlì díẹ̀ sí i, níbi tí ọ́ìlì ti yẹ nìyẹn, kẹ́ ẹ máa ṣí i kẹ́ ẹ máa tì í lóṣooṣù, ọjọ́ kan náà tẹ́ ẹ bá ń fi ẹyọ ìgbálẹ̀ gún ihò ìsàlẹ̀ fèrèsé.

Nílé Màmá báyìí, kọ́kọ́rọ́ náà so kọ́ sórí ìṣó lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, níbi tí ọwọ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ọdún méje, lè tó nínú òkùnkùn, tí ọwọ́ ẹni tó bá wà níta ò sì lè kàn.